Àwọn Ẹrù Ọmọ Tí O Ní Ká Dá Padà

Torunn, ọmọ mi,

Mo kí ọ láti etí òkun. Mo kí Eskil ọkọ rẹ, mo kí Vetle tó ti ń di géńdé lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo kí Ylva ọmọ ọdún mẹ́rin tí ìdí rẹ̀ kì í balẹ̀, mo sì kí Brage, àlejò oṣù méje tí a kò tíì fojú kàn. Ọlọ́run tó ń mú àwọn apẹja wá sílé nígbà tí ìkùukùu bá bo ojú omi kò ní í jẹ́ kí ẹ ṣìnà láàárín èrò Oslo. Ara tèmi le. Àwọn àgùntàn bímọ ire, òjò ni kò tíì jẹ́ ká rí koríko gé, eyín tó ń dùn mí nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn sì ti kúrò lẹ́nu mi pátápátá.

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. O ní ìrìn àjò náà pọ̀ jù fún yín lọ́dún yìí, pé reluwé láti àárọ̀, bọ́ọ̀sì lẹ́yìn reluwé, ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí ohun tí ọ̀kan ń fẹ́ kì í bá ti èkejì mu. O ní kí a jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí Brage bá ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. O wá ní kí n di àwọn ẹrù ìrìn àjò tí ẹ ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, kí n dá wọn padà sí Oslo. Mo dáhùn pé ó dáa, nítorí pé ọ̀rọ̀ a máa sá mọ́ mi lẹ́nu lórí fóònù. Ṣùgbọ́n kò dáa, Torunn. Ẹnìkan wà nínú ilé yìí tí ọdún tó ń bọ̀ jìnnà sí jù. Mo ti ṣèlérí pé n kò ní sọ ìdí rẹ̀, o sì mọ̀ pé èmi kì í yẹ̀ lórí ìlérí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹrù nìkan ni mo jókòó láti kọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ohun tí ojú mi rí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já àwọn páálí yín sílẹ̀ ní èbúté, Oddrun tó ni ṣọ́ọ̀bù, tó tún ń bá wa gba lẹ́tà, ránṣẹ́ pé kí a mú kẹ̀kẹ́ tí a fi ń kó koríko dání. Bàbá rẹ béèrè bóyá ilé lẹ fẹ́ wá kọ́. A tò wọ́n sílẹ̀ nínú ilé ìdáná títí a kò fi rí ibi fẹsẹ̀ sí. Nígbà tí àwa ń gbé ọ lọ sọ́dọ̀ ìyá mi lókè odò, aṣọ òtútù kan, ìgò wàrà kan, àti egungun ẹja gbígbẹ tí wàá máa fi eyín rẹ tuntun rin ni gbogbo ẹrù wa, bàbá rẹ sì máa ń sọ pé ẹrù náà ti pọ̀ jù. Mi ò mọ̀ pé bí ọmọ ṣe ń dàgbà sí i ni ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ń ní irinṣẹ́ tirẹ̀, bí ẹja kọ̀ọ̀kan ṣe ní àwọ̀n tirẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fà yọ ni àpò ẹ̀yìn kékeré kan tí wọ́n ṣe bí ẹyẹ, ó ní ojú, ó ní ìyẹ́, okùn gígùn kan sì jáde ní ìdí rẹ̀. Oddrun ló là mí lóye pé Ylva ni yóò gbé ẹyẹ náà kọ́ ẹ̀yìn, ìwọ ni yóò di okùn náà mú, kí ọmọ má baà sá lọ ní ibùdókọ̀ reluwé. Ṣé o rántí òrùka irin tó wà lára ògiri wa, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná? Ibẹ̀ ni mo máa ń so ọ́ mọ́ nígbà tí o tó Ylva yìí, bí gbogbo ìyá erékùṣù yìí ṣe ń so ọmọ tirẹ̀, nítorí pé òkun kò jìnnà sẹ́nu ọ̀nà, ẹja sì wà nílẹ̀ tí a fẹ́ sá. Láti ìgbà tí o ti wọ yunifásítì lo ti ń ròyìn fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ pé ìyá rẹ so ọ́ mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́. Eskil gan-an fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn àlejò lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí n kò rí nǹkan mìíràn ṣe. Ní báyìí, ẹ ti fi owó ra okùn. N kò fi bú ọ o. Ìyanu ló jẹ́ fún mi pé ọgbọ́n etí òkun ti rìn títí ó ti dé Oslo, wọ́n sì ti bá wa lẹ ìyẹ́ mọ́ ọn. Bàbá rẹ fi ọwọ́ dán ìkọ́ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò lè dá àgbò dúró, ṣùgbọ́n ó lè dá ọmọdé tí kò tíì jẹun dúró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ìrọ̀rí Vetle, èyí tó rí kọ́rọ́bọ́tọ́ bí òrùka tí wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò lára rẹ̀. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, torí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé e fún bàbá rẹ, mo ní àwọn ọmọ ló rántí ìdí yín tó máa ń dùn yín nínú ọkọ̀. Wọ́n gbé e lọ sójú omi, wọ́n jókòó lé e lórí láti àárọ̀ dọ̀sán, nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní láti kékeré làwọn ti ń jókòó lórí pákó ọkọ̀, àwọn ò mọ̀ pé ìdí ọmọ ènìyàn lè rí ìsinmi báyìí láyé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi lò ó kí Oddrun tó rí i lábẹ́ wọn, tó fi ọwọ́ bo ẹnu, tó ní ọrùn ni wọ́n ń fi sí, kí orí ọmọ má baà máa ṣubú síhìn-ín sọ́hùn-ún bó bá ń sùn nínú reluwé. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ti wá ra àgbà náà, ẹ fi kọ́ ọmọ lọ́rùn. Mo ti fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀, mo sá a sínú afẹ́fẹ́, kí Vetle má fòyà.

Ìbòrí etí Vetle yẹn, ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Bàbá rẹ ní etí ń tutù àwọn lójú omi, wọ́n dé e, wọ́n tẹ nǹkan kan lára rẹ̀ láìmọ̀, wọ́n sì jáde lọ gbé àwọ̀n. Ìgbà tí wọ́n dé ìdajì ọ̀nà, wọn ò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì mọ́. Ìwọ náà mọ̀ pé etí ni ọkùnrin etí òkun fi ń wa ọkọ̀, bí ẹ́ńjìnì bá dákẹ́, kó máa wá àjẹ̀ ni. Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, ẹ́ńjìnì ń yí, ó ń gbọ̀n, kò dún. Wọ́n ní ọkàn àwọn fò, àwọn rò pé bí ikú ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé ohùn ayé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà Olúwa kí wọ́n tó fọwọ́ nu òógùn lórí, ọwọ́ wá kan ìbòrí náà. Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá fẹ́ kọjá lára rẹ̀, wọn a kí i. Ọmọdé tí ó ní irú nǹkan yìí létí, ẹkún àbúrò rẹ̀ kò lè dí i lọ́wọ́ láti Oslo dé èbúté wa.

Ti Brage ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. Àpótí kékeré kan ni, kò ju àkàrà òyìnbó ọwọ́ kan lọ. Mo ń nu tábìlì, mo fi ọwọ́ kàn án, ni mo bá gbọ́ òjò. Mo ju aṣọ ìnutábìlì sílẹ̀, mo sáré jáde lọ kó aṣọ tí mo sá, mo kó gbogbo rẹ̀ wọlé tán kí n tó gbójú sókè, ojú ọ̀run mọ́ gaara. Mo wọlé, òjò ṣì ń rọ̀ lórí tábìlì. Bàbá rẹ tẹ ibòmíràn, ó di afẹ́fẹ́, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó di òkun. Àwa méjèèjì dúró tì í. Wọ́n tẹ́tí sí i dáadáa, wọ́n ní òkun gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe tiwa, pé òkun oníyanrìn àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni, kò ní àpáta nínú. Oddrun ní ìyẹn lẹ fi ń rẹ ọmọ sùn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, Torunn. Ohùn òkun tí mo máa ń ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ìwọ lè máa gbọ́ sùn, o dé Oslo o kò rí i, o sì wá a lọ rà fún ọmọ rẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí o pè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù bí o ṣe wí. Ibùsùn ìrìn àjò Brage ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, torí òun ló tóbi jù. A ti ṣí i sílẹ̀ ní pálọ̀ láti ọjọ́ tó dé, ó ṣí pẹ̀lú ìrọ̀rùn bí agbòòrùn. Kíká ni kò ká. Mo tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, ó na ẹsẹ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá rẹ tó tú ẹ́ńjìnì tó sì tún un tò láìsí ìwé dá a dojú bolẹ̀, wọ́n dá a lé ẹ̀gbẹ́, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, wọ́n bú u. Oddrun wá gbìyànjú, ọkọ rẹ̀ wá, pásítọ̀ tó ń kọjá lọ wọlé mu kọfí, òun náà bọ́ kóòtù. Pásítọ̀ ló sọ pé bóyá ibùsùn tó bá ti nà fún ọmọ kì í ká títí ọmọ yóò fi sùn nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó ṣì wà ní pálọ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ la ń gbà kọjá lọ jẹun.

Mo fi í sílẹ̀, mo mú ẹ̀rọ agbọ́mọ, èyí tó jẹ́ méjì, tí ọ̀kan ń gbọ́ tí èkejì ń sọ. Èèyàn kì í dá nǹkan onínǹkan padà láìmọ̀ bóyá ó ṣì dára, nítorí náà mo ní kí n dán an wò. Ìta lọmọ ti ń sùn lọ́sàn-án níbí, nínú afẹ́fẹ́, bí ìwọ náà ṣe sùn nígbà tí yìnyín ń bọ́ sí ọ nímú, mo sì ti fọ kẹ̀kẹ́ ọmọ àtijọ́ yẹn, mo fi òróró sí ìdí táyà rẹ̀, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí ìjì kì í dé, kí Brage tó wá. Mo fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ sábẹ́ aṣọ nínú kẹ̀kẹ́ náà, mo gbé èyí tó ń sọ sílé ìdáná. Àgùntàn ni mo rò pé mo máa gbọ́. Mo gbọ́ ìró bàtà. Mo gbọ́ tí àga gígùn ìta dún bó ṣe ń dún bí bàbá rẹ bá jókòó lé e. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

N kò ní sọ nǹkan kan fún ọ, Torunn. Mo ti ṣèlérí fún bàbá rẹ láti ìgbà ìrúwé, nígbà tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà ojú dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ sì ni ín, ohun tó gbọ́, tiyín ni. Èmi kàn ń kọ ọ́ bó ṣe wí ni.

Bàbá rẹ ní: Ìwọ ọmọ yìí, èmi ni bàbá ìyá rẹ. Wọ́n ní o kò wá mọ́. Ó dáa náà, ọ̀nà jìn. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé n kì í kọ ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan torí pé n kò fẹ́ rí ọ, nígbà tí ìyá rẹ bá gbé ọ sójú fóònù. Àárín ojú mi ló ti ṣú. Ẹni tí mo bá wò gan-an, òun ni n kì í rí. Àfi kí n yí orí, kí n máa jí i wò láti ẹ̀gbẹ́ bí olè. Fóònù yẹn kéré jù fún irú ìwò bẹ́ẹ̀. Dókítà ní tí yìnyín yóò bá fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, èyí tó kù náà yóò ti dín. Mo mọ ojú Vetle. Mo mọ ti Ylva, ó ní èjí. Tìrẹ nìkan ni n kò mọ̀. Wọ́n ní àgbọ̀n ìyá mi lo gbé wáyé, mo sì fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan, kí n fi ọwọ́ kàn án pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n má sọ fún ìyá rẹ. Tó bá gbọ́, yóò kó gbogbo yín wá nítorí àánú, n kò sì fẹ́ kí ẹ tìtorí àánú máa bì nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́ síbẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ náà síwá sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọmọ wà nínú rẹ̀. Mo dúró sójú kan títí kọfí fi hó dà sórí sítóòfù. Láti ìgbà tí a ti fẹ́ra, Torunn, ọkùnrin yìí kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, ẹ̀rọ tí kò tó ìgò wàrà ló wá gbà á lẹ́nu wọn. Ọlọ́run ló mọ ohun tí wọ́n tún ń ṣe ní Oslo.

O bi mí léèrè nígbà Kérésìmesì pé kí ló dé tí bàbá ń wo ògiri nígbàkígbà tí o bá gbé Brage sókè, pé ṣé wọ́n ń bínú sí ọ ni. Mo ní rárá, mo yí ọ̀rọ̀ náà sí ti ojú ọjọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, bí wọ́n ti máa ń wí. N kò ní fi kún un.

Nípa ẹrù náà, mo ti ṣe bí o ṣe wí, mo ti dá a padà, ìdajì rẹ̀. Ẹyẹ Ylva, ìrọ̀rí Vetle àti ìbòrí etí rẹ̀ wà nínú páálí tí lẹ́tà yìí wà nínú rẹ̀, torí pé ojú ọ̀nà ni wọ́n ti wúlò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ṣèèṣì kó wọn mọ́ ẹrù tó ṣáájú, ẹ kò sì lè lo ohun tó wà lọ́dọ̀ wa lójú ọ̀nà. Ibùsùn, àpótí òkun àti ẹ̀rọ agbọ́mọ jẹ́ ohun tí a ń lò tí a bá ti dé, nítorí náà mo dá wọn dúró síbi tí ẹ ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ìrìn àjò ìjọsí le. Mo rántí bí Ylva ṣe bì sára Eskil, tó tún ní èyí tó ṣẹ́kù fún ìyá arúgbó tó jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ nìkan láàárọ̀, kí ẹ gbé e síta lórí ọkọ̀ níbi tó ti lè máa wo ilẹ̀, kí ẹyẹ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wù ojú omi tí kì í jẹ́ kí ọmọ rì ni ẹ kò gbọdọ̀ gbé. Bàbá rẹ ti rán mẹ́ta ṣe, ńlá, àárín àti kékeré, wọ́n so wọ́n kọ́ ní ilé ọkọ̀. Kékeré yẹn, tìrẹ ni tẹ́lẹ̀. Fífi ọwọ́ wá ojú abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán an.

Owó tí o máa ń fi ránṣẹ́ fún wa kí ìgbà òtútù tó dé, jọ̀wọ́, má fi ránṣẹ́. Fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bí díẹ̀ bá ṣẹ́kù, bá mi fi ti bátìrì ránṣẹ́, torí ẹ̀rọ agbọ́mọ yẹn ń jẹ bátìrì bí àgùntàn ṣe ń jẹ koríko, n kò sì fẹ́ pa á. Bóyá bàbá rẹ yóò tún bá kẹ̀kẹ́ náà sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run yóò sọ ọ̀nà yín di pẹ̀tẹ́lẹ̀. Reluwé kò ní pẹ́, bọ́ọ̀sì kò ní já yín sílẹ̀, òkun yóò tẹ́ bí aṣọ tábìlì lọ́jọ́ tiyín. Ọmọ tó yẹ kó sùn yóò sùn, èyí tó yẹ kó jókòó yóò jókòó. Ohun tí o ń wá fún àwọn ọmọ rẹ, ojú rẹ yóò rí i, ojú ẹni tó bí ọ náà yóò sì rí wọn.

Èmi ni ìyá rẹ tó so ọ́ mọ́ ògiri,
Gunnvor.

Mo fẹ́ lẹ páálí náà ni bàbá rẹ wọlé. Wọ́n béèrè ohun tí mo ń kọ láti àárọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ẹrù ni. Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí, torí pé àwọn ò mọ ibi tí àwọn gbé ìgò ojú sí. Orí wọn ló wà. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo fi ojú ewé kan sílẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní lẹ́tà náà dára, ṣùgbọ́n kí n má wulẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu, kí n kàn bi ọ́ léèrè bóyá lóòótọ́ ni àgbọ̀n Brage ní ihò láàárín.